Kọ̀ǹpútà Oníbúrẹ́dì

Tí wọ́n bá ní kó o dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ọ́fíìsì lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, bóyá IBM lo máa dárúkọ. Rárá o. J. Lyons ni, àwọn tó ń ta tíì àti búrẹ́dì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Èrè orí ife tíì kan ò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ àwọn akọ̀wé tó ń ṣírò rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ní 1947, Lyons rán Oliver Standingford àti T. R. Thompson lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé Maurice Wilkes ń kọ́ kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti wá. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Lyons fún Cambridge lówó, wọ́n kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀, wọ́n sì ṣe tiwọn, LEO. Nígbà tó máa di November 1951, ó ti ń bá ilé búrẹ́dì wọn ṣírò.

Lẹ́yìn náà ló kan owó ọ̀sẹ̀ òṣìṣẹ́. Ohun tó ń gba akọ̀wé tó mọṣẹ́ ní bíi ìṣẹ́jú 8 lórí ẹnì kan, LEO ń parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.5.

Èyí tó wù mí jù ni iṣẹ́ 1954. Dípò kí obìnrin tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù tíì máa to gbogbo ọjà tó fẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, iye tó sábà máa ń gbà ti wà lọ́dọ̀ LEO. Ohun tó bá yàtọ̀ nìkan ló máa sọ lórí fóònù. Ẹni tó ń gbọ́ ọ á lù ú sórí káàdì, ẹ̀rọ á ṣe ìyókù. Bíi ti tẹ́lẹ̀ ni, àfi tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Ford náà gbé ìṣirò owó òṣìṣẹ́ wá bá LEO. Kọ̀ǹpútà nílé onílé, o kàn ń sanwó iṣẹ́: kí lẹ tún ń pè ní cloud?

VisiCalc dé ní 1979, ìṣirò wá sórí tábìlì oníkálukú, fáìlì sì fọ́n káàkiri. Lẹ́yìn 2000 ni irú Adaptive àti Anaplan tún kó o jọ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóru, sọ́fítíwíà á fa àkọsílẹ̀ owó wọlé, á gbé iye oṣù tó kọjá sínú oṣù tuntun, á rán ọ̀gá tó ò tíì kọ tirẹ̀ létí. Òfin Lyons náà ṣì ni.

Irú kóòdù bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ jẹun. Gbígbé iye síwájú ò le. Ibi tí à ń jiyàn sí ni ẹni tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bi léèrè kó tó gbé e. Àwọn oníbàárà sábà máa ń fẹ́ ká yọ ìbéèrè yẹn, wọ́n ní ó ń dá àwọn dúró. Ṣùgbọ́n ní June 2023, dọ́là kan kúrò ní bíi ₦460, ó kọjá ₦700. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tó bá gbé iye May wọ July láìbi ẹnikẹ́ni á pé géérégé lójú ẹ̀rọ, owó ọjà tí wọ́n fẹ́ rà lókè òkun ò sì ní tó. Lyons fi fóònù sílẹ̀ fún obìnrin tó mọ iye búrẹ́dì tó ṣẹ́kù.