Fàájì Òru Létí Òkun Èkó

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan ní ọdún tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan dìde láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní àṣà àjèjì ni kí ènìyàn máa jáde lóru lọ jẹ fàájì. Ó ní òyìnbó ni ó gbé e wá sí Èkó, pé àwọn baba wa a jẹun alẹ́ tán, wọn a pa àlọ́ díẹ̀, wọn a sì sùn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi tí mo ń kọ́ wọn ní ìtàn kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé èsì kò sí lẹ́nu mi. Ìyá ìyá mi ni ó sọ sí mi lọ́kàn, àwọn tí ó jẹ́ pé òru etí òkun ni wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún dàgbà. Mo ṣèlérí fún olóòtú ìwé yìí pé n ó kọ èsì mi sílẹ̀. Òun náà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi èdè wa léèrè. Bí àwọn baba wa kò bá mọ fàájì òru, báwo ni ọ̀rọ̀ náà, àìsùn, ṣe dé ẹnu wa? Àìsùn ìyàwó wà, àìsùn òkú wà, àìsùn ọdún wà; nínú gbogbo wọn, ìlù kì í dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Eré òṣùpá wà fún àwọn ọmọdé. Ọjà alẹ́ wà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń tan fìtílà sí ẹ̀gbẹ́ igbá wọn, tí ẹni tí kò fẹ́ ra ohunkóhun pàápàá a máa lọ kí ó lè fojú kan ọ̀rẹ́. Ní àkókò ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a máa lu ìlù kiri àdúgbò láti jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Wéré ni a ń pe eré náà, inú rẹ̀ sì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde. N kò sọ pé òru jẹ́ ti gbogbo ènìyàn bákan náà. Bí Orò bá ń ké, obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú. Ṣùgbọ́n èyí gan-an ni ó fi hàn pé òru ní ẹni tí ó ni ín, àti pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń du ohun-ìní náà mọ́ ara wa lọ́wọ́.

Ohun tí òyìnbó mú wá sí Èkó ní tirẹ̀ ni iná àti ẹnu ọ̀nà. Kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó parí ni iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti ń tàn ní Màrínà. Ní Glover Memorial Hall, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí ó rí jájẹ a máa san owó wọlé láti gbọ́ orin lálẹ́. Gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n ti fi sinimá han ará Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Ógọ́ọ̀sì 1903. Níbẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Ẹni tí kò bá ní owó ìwọlé a dúró síta.

Ẹni tí ó dúró síta kò kúkú lọ sùn. Ní Olówógbowó, àwọn ọmọ àdúgbò a kó ara wọn jọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ti gìtá ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Túńdé King ni ọ̀gá láàárín wọn, láti ìgbà tí ó sì ti gba orin sínú àwo ní 1936 ni orúkọ jùjú ti ń tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Hítílà, Bobby Benson dé láti ìlú òyìnbó ní 1947 pẹ̀lú Cassandra ìyàwó rẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ eléré jọ, nígbà tí ó sì yá, ó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tí ó ń jẹ́ Caban Bamboo sí ojú ọ̀nà Ìkòròdú. E. T. Mensah ń ti Àkàrá wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn afọnfèrè Èkó sì kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀. Victor Ọláìyá dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Ní 1956, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá, òun ni wọ́n pè kí ó wá ṣeré. Fẹlá kọjá lábẹ́ ọwọ́ Ọláìyá, Tony Allen náà sì kọjá níbẹ̀. Ọláìyá gbé pẹ́, ó di ọdún 2020 kí ó tó papò dà.

Èyí ni ìtàn tí ó wà nínú ìwé, òótọ́ sì ni. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì fún ọdún púpọ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí lára rẹ̀: ẹni tí ó bá kà á yóò rò pé àwọn afọnfèrè àti àwọn akọ̀wé tí ó de táì nìkan ni ó ni òru Èkó.

Etí òkun kò ní ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀. Bar Beach ni mo ń sọ, ní Victoria Island. Ọ̀sán ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: ẹṣin tí a ń háyà fún ọmọdé, àgbọn tí a ń bẹ́ lójú ẹni, àti àwọn aládùúrà aláṣọ funfun tí wọ́n ń gbàdúrà síhà òkun. Wọ́lé Ṣóyínká rí àwọn aláṣọ funfun náà dáadáa. Àwọn ni ó fi ṣe eré Brother Jero, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Mellanby Hall ní Ìbàdàn ní 1960. Ṣùgbọ́n òru ni èmi fi mọ ibẹ̀. Bí agogo àdúrà ti ń dún lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni gìtá ń dún lápá kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ẹnì kejì dákẹ́. Àwọn tí òtẹ́ẹ̀lì lé jáde nígbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn a wá gba afẹ́fẹ́. Àwọn tí kò tilẹ̀ lè wọ òtẹ́ẹ̀lì láti ìbẹ̀rẹ̀, awakọ̀, aránṣọ, ọmọ iṣẹ́, àwọn náà a wá. Iyanrìn kan náà ni gbogbo wọn jókòó lé.

Ẹja díndín ni ìyá àgbà mi ń tà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Ègùn. Wọn a dín in lẹ́ẹ̀kan nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọn a kírun alẹ́, lẹ́yìn náà a ó gbéra. Iṣẹ́ tèmi ni láti di fìtílà mú kí ó má bàa dà sí mi lára. Bí a bá débẹ̀, wọn a tún ẹja náà dín níwájú àwọn oníbàárà, nítorí pé òórùn ẹja ni ó ń pe ènìyàn ju ẹnu ẹni lọ. Láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni owó ń wọlé. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá àwọn aládùúrà ni wọ́n fẹ́ràn jù tàbí àwọn ọ̀mùtí. Wọ́n ní, "Ẹni tí ó gbàdúrà tán, ebi ń pa á. Ẹni tí ó jó tán, ebi ń pa á. Èwo ni kí n wá yàn níbẹ̀?"

Ibi kan wà nínú ìtàn yìí tí ìyá àgbà kì í fẹ́ kí á dárúkọ. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun pàṣẹ pé kí a máa yìnbọn pa adigunjalè ní gbangba, etí òkun wa sì ni wọ́n yàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1971 ni wọ́n pa Ishola Oyenusi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn ará Èkó wá ń pè é ní "Bar Beach Show", bí ẹni pé sinimá ni. Ìyá mi sọ fún mi pé alẹ́ méje gbáko ni ìyá àgbà kò gbé igbá jáde lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìpànìyàn náà, bẹ́ẹ̀ gbèsè ẹja wà lọ́rùn wọn.

Òru àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà kò sinmi. Ogun 1967 sí 1970 ti lé ọ̀pọ̀ àwọn afọnfèrè tí wọ́n wá láti Ìlà-Oòrùn kúrò ní Èkó. Highlife rẹ̀ wálẹ̀, jùjú ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé sì gba ipò rẹ̀. Fẹlá ń ṣe tirẹ̀ ní Shrine, níbi tí kì í ti í gun orí ìtàgé kí òru tó jinlẹ̀. FESTAC parí ní ọjọ́ 12 oṣù Fẹ́búárì 1977. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun sun ilé rẹ̀ ní Kàlàkútà, tí wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú ní ọdún kejì. Mo ti sọ ṣáájú pé òru ní ẹni tí ó ni ín.

Ní ti etí òkun, kì í ṣe ṣọ́jà ni ó mú un lọ. Odi òkúta ni. Ní ayé àtijọ́, iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà Èkó, àwọn ọkọ̀ ńlá kò sì lè wọlé. Iyanrìn yìí ni òyìnbó ń pè ní "bar", ibẹ̀ ni orúkọ Bar Beach ti wá. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba kọ́ odi òkúta gígùn wọ inú òkun ní apá méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà. Ọkọ̀ rí ọ̀nà, Apápá sì di èbúté. Ṣùgbọ́n ní etíkun tiwa, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń kó iyanrìn lọ. Odi ìwọ̀-oòrùn dá iyanrìn náà dúró, ilẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún. Bar Beach tí ó wà ní ìlà-oòrùn ń retí iyanrìn tí kò dé mọ́. Ìgbì ń kó tirẹ̀ lọ, kò sì rí èyí tí yóò fi dípò. Léraléra ni ìjọba da iyanrìn síbẹ̀, léraléra ni òkun kó o. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, wọn kò sì gbọ́ nípa odi kankan rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé lọ́dọọdún ni àwọn ń fa ẹní àwọn sẹ́yìn. Ní 1985 wọ́n ní ọ̀nà ọkọ̀ ni ó kù tí àwọn lè fà á dé, wọ́n sì ṣíwọ́.

Lónìí, ibi tí a jókòó sí wà lábẹ́ Eko Atlantic, ìlú tí wọ́n fi iyanrìn inú òkun kọ́, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan àti Bill Clinton wá ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní oṣù Fẹ́búárì 2013. N kò bá wọn jà; bí kì í bá ṣe odi tuntun tí wọ́n mọ, bóyá òkun ì bá ti wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹun lára òru kò rí àyè níbẹ̀. Ní oṣù Jánúárì 2020 wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay, tí ó jẹ́ etí òkun tí iṣẹ́ èbúté kan náà bí. Ní 2024, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà Èkó sí Calabar, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbafẹ́ tí ó wà létí òkun.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ sí etí òkun kan lápá Lẹ́kí lálẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wà láàárín wọn. A san owó ní ẹnu ọ̀nà. Nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ orin bí i mẹ́fà ń ké pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè purọ́ pé mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà jó títí òógùn fi bò wọ́n. Nígbà tí a jáde, àwọn obìnrin kan tò sí ẹ̀yìn géètì pẹ̀lú ẹja díndín, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé ka orí àtẹ dípò fìtílà. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú wọn.

Ó ní, "Ẹ kú òru o, mà. Aago mélòó ni ẹ máa ń ṣíwọ́?"

Obìnrin náà ń yí ẹja padà nínú epo, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìgbà tí ẹ̀yin bá tó lọ sùn."

Ó ra méjì.