Ìṣípò Ohùn nínú Orin Fújì

Ní Ìsọlọ̀, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ni ilé Síkírù Àyìndé Barrister wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Inú wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀, ni ó ti fa fújì yọ.

Wéré kò ní dùùrù, kò ní gìtá. Ohùn olórí akọrin ni ó ń pinnu ibi tí orin yóò fìdí kalẹ̀ sí. Bí ó bá gbé e ga, ẹlẹ́gbè gbọ́dọ̀ bá a lọ. Kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ohùn ti ṣípò?

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn. Àfiwé ni dò, rè àti mí. Ohùn ọmọdé ròkè, ti baba rẹ̀ rinlẹ̀, síbẹ̀ ‘ọkọ́’ kò di ‘ọkọ̀’ lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Bí gbogbo ohùn bá jọ gòkè ní ìwọ̀n kan náà, tí ibi tí orin ń sinmi sí sì bá wọn gòkè, orin àná náà ni. Ipò rẹ̀ ni ó yí. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan ṣoṣo bá gòkè, tí ibùsinmi kò yẹ̀, ọnà lásán ni akọrin dá sí i.

Nígbà tí gìtá àti dùùrù wọ fújì, ohun èlò bẹ̀rẹ̀ sí di ohùn mú síbìkan. Ẹlẹ́gbè tí ó bá gbára lé wọn nìkan yóò pàdánù etí tí wéré fi kọ́ àwọn aṣáájú rẹ̀.