Pẹ́ptáìdì apakòkòrò-àrùn

Okùn kúkúrú tí ásíìdì àmínò so pọ̀ ni pẹ́ptáìdì. Bó bá gùn gan-an, ó di prótéènì. “Kòkòrò-àrùn” inú orúkọ yìí kì í ṣe tata tàbí ajẹwé, bakitéríà tí ojú lásán kò rí ni, irú èyí tó ń mú tòmátò jẹrà. Ní ọjà Mile 12 ní Èkó, ẹni tó bá tẹ tòmátò bẹ́ẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, awọ á bẹ́, omi olóòórùn á ṣàn sí i lọ́wọ́.

Ara ewéko àti ẹranko ń ṣe pẹ́ptáìdì apakòkòrò-àrùn fúnra rẹ̀. Èèyàn náà lè ṣe é nílé àyẹ̀wò: BP100, tí wọ́n ṣe ní Spéìn, ní ásíìdì àmínò 11 péré. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ bakitéríà, á dá a lu, ohun inú rẹ̀ á tú jáde. Àmọ́ ó mà gbówó lórí fún àgbẹ̀ tó bá fẹ́ fi dáàbò bo irè oko rẹ̀ o!