Àtúnṣe alùpùpù mọtokírọ́ọ̀sì àtijọ́

Àtúnṣe alùpùpù mọtokírọ́ọ̀sì àtijọ́ ni iṣẹ́ mímú alùpùpù eré-ìje orí ilẹ̀ gbágungbàgun, èyí tó ti pẹ́ tó sì ti dákẹ́, padà sí ipò tí yóò fi tún lè sáré. Ilé ni wọ́n sábà máa ń ti ṣe é, nínú ọgbà tàbí lábẹ́ ibòòji kan. Alùpùpù tí wọ́n ṣe títí di nǹkan bí ọdún 1974 ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Púpọ̀ nínú wọn ń lo ẹ́ńjìnnì two-stroke, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí iná ń jó nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí písítìn bá gòkè. Ìwà ẹ́ńjìnnì yìí ló ń pinnu bí àtúnṣe náà yóò ti rí, nítorí pé ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù kì í hàn sójú.

Ìtàn

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìje tí wọ́n sá ní Camberley, ní Surrey, ní ọdún 1924 ni ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. FIM, àjọ tó ń darí eré-ìje alùpùpù, dá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù sílẹ̀ ní 1952, ó sì sọ ọ́ di ti àgbáyé ní 1957 fún alùpùpù 500cc. Alùpùpù four-stroke tó wúwo ló ń borí nígbà náà. Husqvarna ti Sweden àti CZ ti Czechoslovakia ló fi ẹ́ńjìnnì two-stroke tó fúyẹ́ yí eré náà padà ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Japan dé: Joël Robert gba ife àgbáyé 250cc lórí Suzuki ní 1970, Honda sì gbé CR250M tí wọ́n ń pè ní Elsinore jáde fún títà ní 1973. Ní ọdún 1973 kan náà, Håkan Andersson gba ife 250cc lórí Yamaha tó ní ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo lẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀kì ti ń gùn sí i, tí alùpùpù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sì ń di ti àtijọ́ kíákíá. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ AHRMA ní Amẹ́ríkà fi gbà pé kí ṣọ́ọ̀kì iwájú alùpùpù àtijọ́ má lọ ju ìnṣì 7, kí ti ẹ̀yìn má sì lọ ju ìnṣì 4.

Kò yẹ kí a da mọtokírọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ ìje aṣálẹ̀. Yamaha XT500 tí Cyril Neveu gùn gba Paris–Dakar àkọ́kọ́, tó gba Niger àti Mali kọjá tó sì parí ní Dakar ní January 1979, jẹ́ alùpùpù four-stroke fún ojú pópó àti ọ̀nà ìgbẹ́.

Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀

Alùpùpù tí ọjà Nàìjíríà mọ̀ jù ni ti ìrìnnà, èyí tí a tún ń pè ní ọ̀kadà, orúkọ tó wá láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air. Síbẹ̀, two-stroke kì í ṣe àjèjì. Vespa, Suzuki AX100 àti Jincheng tí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní àwòrán rẹ̀ ti kọ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì bí a ti ń tú u. Bajaj Boxer àti àwọn four-stroke mìíràn ló gba ipò wọn, nítorí náà ọwọ́ àwọn àgbà mẹkáníìkì ni ìmọ̀ náà pọ̀ sí jù lónìí.

Ìmọ̀ ọ̀hún ní ìdẹkùn kan nínú. Lórí AX100, ọ́ìlì ní táńkì tirẹ̀, páńpù ló sì ń tì í wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ jù lọ mọtokírọ́ọ̀sì kò ní páńpù yìí. Inú bẹntiróòlù gan-an ni a gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì sí. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù lásán sí i yóò ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà náà fẹ́ ni 20 sí 1, ìyẹn mílílítà 250 ọ́ìlì sínú lítà 5 bẹntiróòlù.

Ní Ẹlẹ́yẹlé, létí adágún omi tí ìdídò Odò Ọ̀nà dá sílẹ̀ ní 1942, ọ̀tá méjì ni alùpùpù tí a tú sílẹ̀ ní: ọ̀rinrin ìgbà òjò tó ń mú irin dípẹtà, àti eruku ọyẹ́. A gbọ́dọ̀ fi ọ́ìlì pa sílíńdà àti bíárìn, kí a sì fi ọ̀rá wé wọn dáadáa. Ọjà Àràrọ̀mí ní Ágódì Gate ni ibi tí a mọ̀ jù ní ìlú náà fún ẹ̀yà ọkọ̀. Bíárìn àti ọ́ìlì-sílì ní nọ́ńbà lára, wọ́n sì lè bá ti ẹ̀rọ mìíràn mu. Písítìn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, òkè òkun ni a ti ń bèèrè fún un.

Ẹ́ńjìnnì

Nínú two-stroke, afẹ́fẹ́ àti epo kọ́kọ́ ń gba inú ilé kránkì kọjá kí wọ́n tó dé orí písítìn. Ọ́ìlì-sílì méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, ló ń dí ilé náà. Rọ́bà ni wọ́n, wọ́n sì máa ń gan bí alùpùpù bá jókòó fún ọdún púpọ̀. Bí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bá ń jò, afẹ́fẹ́ tí kò gba kábúrétọ̀ kọjá yóò máa wọlé. Epo á kéré sí afẹ́fẹ́, ooru á pọ̀, písítìn á sì gan mọ́ sílíńdà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kun alùpùpù rẹ̀ títí tó fi ń dán ti pàdánù písítìn tuntun báyìí, nítorí pé alùpùpù náà tètè gba iná tó sì ń dún dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìdánwò rẹ̀ kò wọ́n. A ó dí ojú kábúrétọ̀ àti ojú sáìlẹ́ńsà, a ó wá fi páńpù kẹ̀kẹ́ tó ní géèjì kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé psi 6. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 6. Bó bá ń lọ sílẹ̀, omi ọṣẹ yóò hó níbi tó ti ń jò. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọ́kánáísà kò dára fún èyí, agbára rẹ̀ lè ti ọ́ìlì-sílì jáde.

Bí sílíńdà bá ti há, àwọn tó ní ẹ̀rọ léètì tàbí ẹ̀rọ ìgbẹ́-sílíńdà lè gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i. Písítìn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà, kí a tó gbẹ́ sílíńdà bá a mu.

Ìkìlọ̀ kan: àwọn ilé-iṣẹ́ kan fi magnesium ṣe ara ẹ́ńjìnnì kí ó lè fúyẹ́. Eérú rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ ìlọrin lè gba iná, omi sì ń mú irú iná bẹ́ẹ̀ le sí i. Yanrìn gbígbẹ ni a fi ń bò ó.

Férémù àti ìyókù

Kí a tó kun férémù, kí a yẹ ọrùn rẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wò fún sísán. Páìpù rẹ̀ kì í nípọn, iná wẹ́dà ojú pópó sì lè lu ú. Ẹni tó ń lo argon ló dára jù. Ọtí kíkan àti òkúta wẹ́wẹ́ tí a jù nínú táńkì irin ń ṣí ìpẹtà kúrò. Sípóòkù kò le fún àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tí ó yẹ kí a pààrọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí alùpùpù náà rí bí ọjọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Àwọn mìíràn ní kíkùn tuntun ń pa ìtàn rẹ̀ rẹ́, pàápàá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù, èyí tí a ti fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Kò sí ẹni tó ń jà fún ọ́ìlì-sílì àtijọ́.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gba iná, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó tutù pátápátá, kí a sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Lẹ́yìn gígùn àkọ́kọ́, kí a yọ púlọ́ọ̀gì wò. Àwọ̀ búráùn fi hàn pé epo àti afẹ́fẹ́ bára mu. Bó bá funfun, kí a pa á, kí a sì padà sórí omi ọṣẹ.