Ìjókòó ìta létí òkun: ibo ni òfin dé?

Ẹni tó bá gbé bẹ́ǹṣì síwájú ìsọ̀ ọtí ní Awóyè, létí òkun Ìlàjẹ, ibi tó jẹ́ ti gbogbo ayé ló gbé e sí lójú òfin. Public Order Act ọdún 1979 dárúkọ etí òkun gan-an, pẹ̀lú títì, afárá àti gbangba tí aráàlú lè wọ̀, ì báà jẹ́ wọ́n sanwó.

Ìyẹn ò sọ ìjókòó ibẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìpàdé tí òfin náà ń wí ni ti èèyàn márùn-ún sókè, tó dá lórí ọ̀rọ̀ tó kan aráàlú. Ẹni tó bá pè é ní láti kọ̀wé gba àṣẹ lọ́dọ̀ gómìnà, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ọtí mímu àti bọ́ọ̀lù wíwò ò sí níbẹ̀. Àmọ́ Awóyè là ń wí o! Òkun ti gbé ilé lọ níbẹ̀. Ta ló máa jókòó létí omi tí ò ní fẹnu ba ìjọba?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u palẹ̀ nínú ẹjọ́ ANPP àti ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá: àṣẹ gbígbà yẹn ta ko òfin ìpìlẹ̀ 1999, abala 39 àti 40. Òfin ọlọ́pàá 2020 tún ní tí wọ́n bá ti fi ìpàdé tó ọlọ́pàá létí, ààbò ni kí wọ́n pèsè. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú ìwé òfin, iṣẹ́ àwọn aṣòfin l'Ábújá nìyẹn.

Ní ti ọtí títà àti ilé oúnjẹ, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin ìpìlẹ̀ fún ní àṣẹ, ìyẹn Igbókọ̀dá. Tí ẹnìkan bá mú ohun ìjà wá síbi àpéjọ, ti ọlọ́pàá nìyẹn.