Bí ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ tọ́jú fáìlì nínú ilé

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dá kú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báńkì pàápàá dúró. Ẹni tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kó àwòrán àti ìwé rẹ̀ sí, ó di kó máa wò ó.

Ẹni tó ní sáfà nínú ilé kò ní í bá irú wàhálà yẹn pàdé. Kọ̀ǹpútà kan lásán ni sáfà yìí: ó ń tọ́jú fáìlì, fóònù àti kọ̀ǹpútà yòókù nínú ilé sì ń gba Wi-Fi lọ mú un níbẹ̀. Kò jẹ dátà rárá.

Fún àwa tí a wà ní Ayégbajú, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti agbègbè wọn, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ló dáa jù. Ọ̀rọ̀ iná ni. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sórí hard disk, fáìlì lè bàjẹ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù, ì báà ti gbó, tó bá ṣì lè gbé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti ráyè tan jẹnẹrétọ̀ tàbí kí ẹ pa á dáadáa. Àmọ́ tí bátìrì bá ti wú, ẹ yọ ọ́ dànù, ó lè gbiná. Láptọ́ọ̀pù tí kò ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ń jẹ bíi wáàtì 15 sí 30. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè jẹ ju 60 lọ. Ẹni tó ń lo sólà á mọ ìyàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà síbòmíràn, torí gbogbo rẹ̀ ló máa parẹ́. Ẹ wá gba OpenMediaVault sórí fláàṣì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fi fláàṣì náà tan láptọ́ọ̀pù. Inú hard disk rẹ̀ ni ètò náà máa wà. Hard disk mìíràn tí ẹ so mọ́ ọn láti ìta ni ẹ máa kó fáìlì sí. Wáyà LAN ni kí ẹ fi so ó mọ́ router. Ọ̀pọ̀ MiFi kékeré kò ní ojú wáyà yìí, ẹ wò ó kí ẹ tó rà.

Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn lẹ máa ti ṣètò rẹ̀. Orúkọ ìwọlé àkọ́kọ́ ni admin, password sì ni openmediavault. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹ yí i padà lójú ẹsẹ̀! Ẹ ṣe fódà, ẹ tan SMB, ó tán. Ẹ má pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé, kó má lọ sùn. Ẹ má sì ṣí i sílẹ̀ fún ará ìta látorí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ rédíò, orí hard disk kan ṣoṣo la kó ohùn àwọn àgbà tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sí. Ó bàjẹ́. Ká tó padà lọ bá wọn, méjì ti kú. Nítorí náà, ẹ má rò pé sáfà nìkan tó. Ẹ máa da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí hard disk mìíràn lóṣooṣù, ilé ọmọ ìyá yín ní ìlú mìíràn ni kó máa gbé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dà á kọ, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan wò, kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.