Ìbò Kan Ṣoṣo ní Battersea

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1913, ìgbìmọ̀ ìlú Battersea, ní apá gúúsù odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, péjọ láti yan Méyọ̀ tuntun. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìbò kan ṣoṣo ni John Richard Archer fi borí ẹni tí ó bá a du ipò náà. Kò sí aláwọ̀ dúdú kan tí ó ti jẹ Méyọ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú rẹ̀.

Ní ìgbà náà, kì í ṣe àwọn ará ìlú ni wọ́n ń dìbò yan Méyọ̀. Ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn ará àdúgbò máa ń dìbò yan káńsílọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú yóò sì yan Méyọ̀ fúnra wọn lọ́dọọdún. Ilẹ̀kùn méjì ni ó wà níwájú Archer nígbà náà: ti àwọn ará àdúgbò, àti ti àwọn tí wọ́n jọ jókòó nínú ìgbìmọ̀.

Ọdún 1906 ni ilẹ̀kùn kìíní ṣí, nígbà tí àdúgbò Latchmere yàn án ní káńsílọ̀ lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Progressive. Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni Latchmere. Níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ti kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1903. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ fúnra wọn ni ó kọ́ ọ, a kò gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá. Ní irú ibẹ̀, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara lọ. Archer, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya fọ́tò, mọ èyí dájú. Ó jà títí tí ìgbìmọ̀ fi gbà pé owó òṣìṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ dín sí ṣílè 32 lọ́sẹ̀. Wọ́n sì tún dìbò yàn án ní ọdún 1912.

Ilẹ̀kùn kejì ni ó le jù. Bí orúkọ rẹ̀ ti jáde fún ipò Méyọ̀ ni àhesọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn kan tilẹ̀ sọ pé Rangoon, ní ilẹ̀ Burma, ni a ti bí i. Bẹ́ẹ̀, ní Liverpool ni a bí i ní ọdún 1863. Ọmọ Barbados ni bàbá rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Ọmọ Ireland ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó borí tán, ó fi àwàdà dá àwọn ẹlẹ́jọ́ náà lóhùn pé ìlú kékeré kan tí bóyá ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí ń jẹ́ Liverpool, ni òun ti wá.

Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń pe Archer ní Méyọ̀ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo Britain. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Allan Glaisyer Minns, ọmọ Bahamas, ti jẹ Méyọ̀ ìlú Thetford ní ọdún 1904.

Àwọn tí ń fi ìdìbò yìí yin ọ̀làwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n rántí pé ìbò kan péré ni. Bí ẹnìkan bá yí ọkàn padà, ìtàn ìbá yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n sì rí kìkì ìkórìíra nínú rẹ̀, kí wọ́n rántí àwọn òṣìṣẹ́ Latchmere.

Ní ọdún 1918, Archer di ààrẹ àkọ́kọ́ fún African Progress Union, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti West Indies tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn atukọ̀ adúláwọ̀ ní Liverpool ní ọdún 1919, tí àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn, òun ni ó ṣáájú ikọ̀ tí ó lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú tí a ti bí i. Ní ọdún 1922, ó ṣe aṣojú ìdìbò fún Shapurji Saklatvala, ọmọ India, tí Battersea North rán lọ sí ilé aṣòfin. Ọdún 1931 ni àdúgbò Nine Elms tún dìbò yan Archer. Nígbà tí ó kú ní oṣù Keje ọdún 1932, káńsílọ̀ ni ó ṣì jẹ́.